Ẹ̀rọ Tó Ń Tún Ohùn Ṣe ní Sítúdíò: Ìtàn Wọn, àti Ohun Tí Wọ́n Lè Fi Èdè Wa Ṣe

Ọ̀kan nínú yín ló fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó ní òun fẹ́ gba oríkì ìdílé àwọn sílẹ̀ lẹ́nu màmá àgbà tó bí bàbá òun, ọmọkùnrin tó ni sítúdíò sì ti sọ fún un pé òun máa bá wọn tún ohùn màmá ṣe kó lè dùn dáadáa. Ó wá bi mí pé, "Prof, kí ni wọ́n fẹ́ tún ṣe gan-an? Ṣé kò ní ba ọ̀rọ̀ jẹ́?" Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn rẹ̀ gùn ju ohun tí èèyàn lè tẹ̀ sórí fóònù lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e wá síbí.

Ní Àjàó Estate tí mo ń gbé yìí, ohun tí wọ́n ń pè ní sítúdíò kì í ju yàrá kan lọ: kọ̀ǹpútà kan, máìkì kan, fóòmù lára ògiri, jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn fèrèsé, àti bàálù tó ń lọ bà ní pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed lórí òrùlé. Gbogbo ẹ̀rọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, inú kọ̀ǹpútà yẹn ni wọ́n wà báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ gidi ni wọ́n tẹ́lẹ̀, òmíràn wúwo ju àpò sìmẹ́ǹtì márùn-ún lọ. Tí a bá mọ ibi tí wọ́n ti wá, á rọrùn láti mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí ohùn.

Ìgbà tí kò sí àtúnṣe rárá

Ní 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fẹlá, gba orin Yorùbá 43 sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Kò sí iná mànàmáná nínú iṣẹ́ ìgbohùnsílẹ̀ nígbà yẹn. Ẹnu fèrè ńlá kan báyìí ni èèyàn máa ń kọrin sí. Agbára ohùn fúnra rẹ̀ ló ń mi awọ tín-ín-rín tó wà ní ìdí fèrè náà, awọ á mi abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ á sì há ojú ìda. Bí ohùn bá lọlẹ̀, kí olórin sún mọ́ fèrè. Bó bá pọ̀ jù, kó sún sẹ́yìn. Kò sí àtúnṣe mìíràn.

Iye ìgbà tí afẹ́fẹ́ ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan la fi ń díwọ̀n bí ohùn ṣe ga tó. Hertz là ń pè é. Fèrè yẹn kì í gbọ́ ju nǹkan bíi 250 sí 2,500 Hertz lọ. Ariwo tó ń jẹ́ ká mọ kọ́ńsónáǹtì s yàtọ̀ sí ṣ, òkè ibẹ̀ yẹn ló pọ̀ sí. Ìdí nìyí tó fi ṣòro, nínú irú rẹ́kọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀, láti fi etí nìkan mọ̀ bóyá "sọ" ni wọ́n wí tàbí "ṣọ".

Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí tó yani lẹ́nu. Ohùn ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ sábà máa ń wà láàárín 100 sí 200 Hertz, ìyẹn ni pé ìpìlẹ̀ ohùn náà kò tilẹ̀ wọ inú fèrè. Síbẹ̀, a ń gbọ́ ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ nínú irú rẹ́kọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀. Kí ló fà á? Ohùn èèyàn kì í dá wá. Bí ìpìlẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ 120, ó máa ń kó 240, 360, 480 àti àwọn tó kù lẹ́yìn. Etí wa ń wo àlàfo tó wà láàárín wọn, ó sì ń fi ìyẹn ṣírò ìpìlẹ̀ tí kò gbọ́. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ lórí tẹlifóònù àtijọ́, tí kì í gbé ju 300 sí 3,400 lọ, tí a sì ń fi Yorùbá jà lórí rẹ̀ láìsí wàhálà! Nítorí náà, ohùn èdè wa kò rọrùn láti pa. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Iná mànàmáná dé sídìí iṣẹ́ yìí ní 1925: máìkì dé, amplifier dé. Àǹfààní rẹ̀ kan àwa náà. Túndé King gba orin jùjú sílẹ̀ fún Parlophone ní 1936, ẹgbẹ́ kékeré ni: ohùn, báńjò, jùjú àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn ogun Hitler, nígbà tí máìkì àti amplifier ti wọ òde àríyá, ni gángan àti ìlù mìíràn rọ́ wọ inú jùjú, torí ohùn olórin àti gìtá ti lè borí ìlù. Ẹ̀rọ ló yí orin padà níbẹ̀, ó sì yí i padà sí rere.

Ẹ̀rọ mẹ́ta tó bí àwọn yòókù

Èkíní ni equaliser. Ọwọ́ àwọn ẹnjiníà tẹlifóònù ló ti wá. Wáyà gígùn máa ń jẹ ohùn òkè, wọ́n wá ṣe ohun tó ń dá èyí tó sọnù padà, kí ohun tó jáde lè dọ́gba pẹ̀lú èyí tó wọlé. Ibẹ̀ lorúkọ rẹ̀ ti wá. Pultec EQP-1, tó jáde ní 1951, wà lára àwọn tó gbé e dé sítúdíò. Ó lè gbé apá kan ohùn sókè, kó sì rẹ apá kan sílẹ̀.

Èkejì ni compressor. Àwọn ilé iṣẹ́ rédíò ló kọ́kọ́ nílò rẹ̀, kí igbe òjijì má baà ba ẹ̀rọ wọn jẹ́. Ohun tó ń ṣe kò ju pé ó ń tẹ èyí tó pariwo jù mọ́lẹ̀, tí a fi lè gbé gbogbo rẹ̀ sókè pa pọ̀, kí ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ náà lè jáde. Fairchild 670, tí Rein Narma, ọmọ ilẹ̀ Estonia, ṣe ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí 1959, ní gílóòbù 20 nínú, ó sì wúwo tó 30 kílò.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn inú yàrá, èyí tí wọ́n ń pè ní reverb. Ní 1947, Bill Putnam ní Chicago lo ilé ìwẹ̀ sítúdíò láti fún orin ẹgbẹ́ Harmonicats ní ohùn tó ń dún padà. Ẹ̀yin tó ń kọrin ní balùwẹ̀, ẹ ti mọ ìdí rẹ̀. Ní 1957, ilé iṣẹ́ EMT ní Jámánì gbé pákó irin pẹlẹbẹ kan jáde, ó fẹ̀ tó mítà méjì sí ọ̀kan, inú àpótí tó tó nǹkan bí 270 kílò ni wọ́n so ó kọ́ sí. Ohùn á mi irin náà, ìmìtìtì rẹ̀ á sì máa dún lọ bí ìgbà tí èèyàn wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá.

Mo lè fi ti Ray Dolby kún un, ẹni tó dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1965 láti pa ariwo "ṣíì" tó máa ń wà lórí téèpù. Decca ló kọ́kọ́ ra ẹ̀rọ rẹ̀.

Ní Èkó, sítúdíò EMI wà ní Wharf Road, Àpápá. Ibẹ̀ ni Paul McCartney ti wá ṣe èyí tó pọ̀ nínú "Band on the Run" ní 1973, lórí ẹ̀rọ onípa mẹ́jọ. Ní ọdún yẹn kan náà ni Ginger Baker ṣí sítúdíò ARC ní Ìkẹjà, onípa 16. Nígbà tó fi máa di 1982, tí Sunny Adé gbé "Juju Music" jáde lábẹ́ Island, tí Martin Meissonnier sì jẹ́ olùdarí iṣẹ́ náà, àtúnṣe sítúdíò ti di ara orin fúnra rẹ̀.

Èyí tó kan ohùn òkè, àárín, ìsàlẹ̀

Gbogbo àwọn tí mo kà sílẹ̀ yìí ń tún bí ohùn ṣe le tó tàbí bó ṣe dán tó ṣe. Kò sí èyí tó ń fọwọ́ kan bó ṣe ga sí. Ní 1997 ni ìyẹn yí padà. Andy Hildebrand, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ ìṣírò ìró inú ilẹ̀ fún àwọn tó ń wá epo rọ̀bì, rí i pé ìṣírò kan náà lè mọ bí ohùn olórin ṣe ga sí. Ó ṣe Auto-Tune. Ẹ̀rọ yìí á gbọ́ ohùn, á wo àkàbà nóòtì tí wọ́n yàn fún un, á sì fa ohùn náà lọ sórí àtẹ̀gùn tó sún mọ́ ọn jù. Bí wọ́n bá ní kó fà á wéré, kò ní sí yíyọ̀ mọ́ láàárín àtẹ̀gùn méjì. Ó di fífò. Orin Cher, "Believe", ní 1998 ló sọ ọ́ di àṣà.

Báyìí, ẹ wo ọkọ tó fẹ́ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń roko, ọkọ̀ tí a ń wọ̀ lọ Òṣòdì. Nínú ìwé, àmì kan ṣoṣo ló yà wọ́n. Nínú ẹnu, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohùn ìsàlẹ̀ tó gbẹ̀yìn "ọkọ̀" kì í dúró sójú kan. Ńṣe ló ń yọ̀ wálẹ̀ títí tó fi tán. Jean-Marie Hombert fi èyí dán etí àwọn ọmọ Yorùbá wò ní 1976, ó sì rí i pé yíyọ̀ wálẹ̀ yẹn wà lára ohun pàtàkì tí a fi ń mọ ohùn ìsàlẹ̀ yàtọ̀ sí ohùn àárín. Bákan náà, ohùn òkè tó tẹ̀ lé ohùn ìsàlẹ̀, bíi ti "ìwé", ńṣe ló ń gun òkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Yíyọ̀ àti gígùn yìí gan-an ni Auto-Tune ń pa rẹ́. Ó lè sọ ọkọ̀ di ọkọ, kí obìnrin sì máa wá ọkọ ní gáréèjì!

Ẹ má rò pé mo ń bá àwọn ọmọdé olórin jà. Nínú orin, ìtumọ̀ gbólóhùn máa ń gbà wá. Àti pé ẹ̀rọ kọ́ ló kọ́kọ́ dẹ́ṣẹ̀ yìí: ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sórí ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí ohùn òkè di ìsàlẹ̀, tí ìsàlẹ̀ di òkè. Ohun tí Ransome-Kuti àti T. K. E. Phillips, tó tẹ ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá jáde ní 1953, ṣiṣẹ́ lé lórí nìyẹn. Orin tó bá ti tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀, Auto-Tune díẹ̀ kì í sábà yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà.

Oríkì, ìjálá, ẹsà àti rárà ló yàtọ̀. Wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán, wọn kì í sì í ṣe orin tó dúró lórí nóòtì 12 ti dùùrù. Àárín méjèèjì ni wọ́n wà, yíyọ̀ ohùn sì ni ẹwà wọn àti ìtumọ̀ wọn. Tí a bá fà wọ́n sórí àtẹ̀gùn dùùrù, a ti sọ wọ́n di nǹkan mìíràn.

Kí wá ni kí a ṣe?

Èyí ni ìmọ̀ràn mi fún ẹni tó bi mí, àti fún gbogbo ẹni tó fẹ́ gba ohùn àgbà sílẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ tọ́jú ohùn náà ní tútù, bó ṣe ti ẹnu màmá jáde, ní WAV, kì í ṣe MP3. Ẹ dà á sí ibi méjì. Ẹ̀dà rẹ̀ ni kí ọmọ sítúdíò máa tún ṣe.

Ẹ pa jẹnẹrétọ̀, ẹ lọ ní òwúrọ̀ kùtù. Ẹ̀rọ tó ń gé ariwo kúrò máa ń gé ohùn tó bá ti lọlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìparí gbólóhùn tó bá jẹ́ ohùn ìsàlẹ̀ ni ohùn ti máa ń lọlẹ̀ jù. Yíyọ̀ tí mo sọ lókè yẹn ló máa kọ́kọ́ gé.

Equaliser tó ń mú gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ 80 Hertz kúrò kò léwu fún ohùn èèyàn. Compressor díẹ̀ náà dára; tí ìlù bá wà ńbẹ̀, ó ń jẹ́ kí ìparí ohùn gángan, níbi tí onílù ti ń fún ọsán, jáde ketekete. Ẹ ṣọ́ reverb ní tiyín. Ẹni tó ń ki oríkì kíákíá lè pe sílébù márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ohùn bá ń dún padà fún ìṣẹ́jú àáyá méjì, sílébù mẹ́wàá ti gun ara wọn lórí, ohùn òkè ti tẹ́lẹ̀ á sì bo ohùn ìsàlẹ̀ tó ń bọ̀.

Auto-Tune ńkọ́? Rárá. Lórí oríkì, ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kàn án.

Tí ẹ bá fẹ́ kọ oríkì náà sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, ohùn tútù ni kí ẹ fetí sí. Kí màmá sì wà ńbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń kọ ọ́. Ibi tí etí bá ti rú yín lójú, ẹ bi wọ́n léèrè nígbà tí ẹni tó lè dáhùn ṣì wà.