Òyìnbó Tí Ó Kọ́ Àwọn Agbábọ́ọ̀lù Ẹlẹ́sẹ̀ Lásán

Bí ènìyàn bá fẹ́ rí àríyànjiyàn tí kì í tán ní Ìwó, kí ó lọ dúró ní ìdí àwọn tí ń ta ìwé ìròyìn láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà bá fìdí rẹmi. Àwọn kan a ní àfi òyìnbó nìkan ni ó lè kọ́ àwọn ọmọ wa yé. Àwọn mìíràn a ní owó ni òyìnbó wá kó, pé ọmọ ẹni ni kí a gbé iṣẹ́ fún. Nígbà tí a mú Ọ̀gbẹ́ni Éric Chelle, ẹni tí ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún ilẹ̀ Mali rí, ní oṣù January 2025, ṣe ni ọ̀rọ̀ náà tún gba ọ̀nà mìíràn yọ, nítorí àwọn kan ń béèrè pé èwo ni ti Mali láàárín wa.

Àríyànjiyàn yìí ti gbó. Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìdí rẹ̀, sí ọ̀dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Jack Finch, òyìnbó tí orúkọ rẹ̀ ṣíwájú gbogbo àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá tí Nàìjíríà ti ní.

Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni. Ẹgbẹ́ Fulham ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni ó ti gbajúmọ̀. Ó dé ibẹ̀ ní 1930, iwájú ni ó ń gbá, ó sì wà níbẹ̀ títí ogun Hitler fi bẹ́ sílẹ̀ ní 1939 tí wọ́n sì pa líìgì tì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lásìkò tirẹ̀ ni Fulham gba ipò kìíní ní Ìpele Kẹta ti Gúúsù ní 1932, tí wọ́n sì fi ẹsẹ̀ kan báyìí pàdánù àṣekágbá ife FA ní 1936. Ẹ má ṣe rò pé ó ti ibẹ̀ di olówó o. Ní ayé ìgbà náà, òfin líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò jẹ́ kí agbábọ́ọ̀lù kankan gbà ju pọ́ùn mẹ́jọ lọ lọ́sẹ̀, bí ó ti wù kí ó mọ̀ ọ́n gbá tó. Nítorí náà, bí ọjọ́ orí bá ti lé ọ̀pọ̀ nínú wọn kúrò lórí pápá, iṣẹ́ ni wọ́n ń wá kiri, ilẹ̀ òkèèrè sì ni àwọn mìíràn ti ń rí i.

Ní 1949, Nàìjíríà fẹ́ rán agbábọ́ọ̀lù méjìdínlógún lọ sí ìlú ọba. Ọ̀gbẹ́ni Finch ni iṣẹ́ kíkọ́ wọn bọ́ sí lọ́wọ́. Etim Henshaw ni ọ̀gá ẹgbẹ́, Sam Ibiam ni ó ń ṣọ́lé. Titus Okere wà níbẹ̀, ọmọ Èkó kan sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú tí ń jẹ́ Tèsílímì Balógun, ẹni tí àwọn ènìyàn ń pè ní Ààrá nítorí bí bọ́ọ̀lù ti ń dún lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n wọ̀ dé Liverpool.

Ọ̀ràn tí ó wà níbẹ̀ ni ti bàtà. Ẹsẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa fi ń gbá bọ́ọ̀lù, báńdéèjì ni wọ́n máa ń dì mọ́ ọrùn ẹsẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ilẹ̀ wa kò ní bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀. Pápá wa gbẹ, ó le, ẹsẹ̀ lásán a sì máa mọ ibi tí bọ́ọ̀lù wà kí ojú tó rí i. Bàtà bọ́ọ̀lù ayé ìgbà náà sì rèé, awọ tí ó wúwo ni, ó ga bo kókósẹ̀, ẹni tí kò bá ti kékeré wọ̀ ọ́ a máa rìn bí ẹni tí a so lókùn. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òjò a rọ̀, koríko a sì máa yọ̀ bí ilá. Kí ni akọ́nimọ̀ọ́gbá yóò ṣe? Bí ó bá ní kí wọ́n wọ bàtà, eré ìje tí a mọ̀ wọ́n sí a bàjẹ́. Bí ó bá sì fi wọ́n sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ lásán, wọn a máa ṣubú nínú ẹrẹ̀ níwájú àwọn tí ó wọ bàtà. Èmi kò ṣe ìlara Ọ̀gbẹ́ni Finch rárá.

Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù August 1949, wọ́n pàdé ẹgbẹ́ Marine ní Crosby lẹ́bàá Liverpool, wọ́n sì fi góòlù 5 sí 2 nà wọ́n! Ẹnu ya àwọn òyìnbó. Ṣùgbọ́n ọ̀nà náà kò dán bẹ́ẹ̀ títí dé òpin. Nínú ìdíje mẹ́sàn-án, méjì ni wọ́n borí, wọ́n ta ọ̀mì méjì, wọ́n sì pàdánù márùn-ún. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wálé, wọ́n yà ní Freetown, ní ọjọ́ kẹjọ oṣù October wọ́n sì fi 2 sí òdo borí Sierra Leone. Ìyẹn ni ìdíje àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà bá orílẹ̀-èdè mìíràn gbá.

Ohun tí ó ti inú ìrìn àjò yẹn jáde ju iye góòlù lọ. Àwọn òyìnbó ti rí àwọn ọmọ wa. Ní 1953 Titus Okere lọ sí Swindon Town. Ní 1955 Tèsílímì Balógun náà padà lọ, ó bá Peterborough United gbá, lẹ́yìn náà ó bọ́ sí Queens Park Rangers, níbi tí ó ti gbá ìdíje líìgì mẹ́tàlá tí ó sì fi góòlù mẹ́ta wọlé. Ó wá ṣe ohun tí Finch ṣe gan-an, ṣùgbọ́n láti ọwọ́ òdì kejì. Ó kọ́ iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá, ó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, wọ́n sì kà á sí ẹni àkọ́kọ́ tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ àwọn adúláwọ̀. Ó padà wálé, ó ń kọ́ àwọn ọmọ wa, títí ikú fi mú un ní oṣù July 1972. Pápá tí a fi orúkọ rẹ̀ pè wà ní Sùúrùlérè, ní Èkó, nítòsí pápá ìṣeré ìjọba àpapọ̀. 2007 ni wọ́n ṣí i.

Àwọn tí ó fẹ́ràn òyìnbó ní Ìwó ní ẹ̀rí tiwọn, kò sì kéré. Ní 1976, nígbà tí Ìwó ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Ọ̀gbẹ́ni Alan Hawkes, ni ó ń kọ́ Shooting Stars ti Ìbàdàn. Ẹgbẹ́ Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí àti Múdà Lawal ni mò ń wí. Wọ́n fi 4 sí 1 na Tonnerre ti Yaoundé ní Ìbàdàn, wọ́n pàdánù 1 sí òdo ní Cameroon, wọ́n sì gbé ife Áfíríkà wálé, ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí yóò gbé irú rẹ̀. Àwọn tí ó fẹ́ ọmọ ẹni náà a sì dáhùn pé ife orílẹ̀-èdè ńkọ́? Ará Brazil, Otto Glória, ni ó gbà á fún wa ní 1980. Ará Holland, Clemens Westerhof, ní 1994. Stephen Keshi, ọmọ tiwa, ní 2013. Kò sí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan nínú wọn.

Ní ìrọ̀lẹ́, lórí pápá ilé-ìwé ní Ìwó, àwọn ọmọdé ṣì ń gbá a lẹ́sẹ̀ lásán. Bí wọ́n bá sì rí bàtà kan, ọ̀kan nínú wọn a wọ ti ọ̀tún, èkejì a wọ ti òsì.