Agbára Ìgbẹ́rù àti Agbára Ìfà: Ọ̀rọ̀ Méjì fún Ẹni Tí Ń Yan Ọkọ̀ Píkọ́ọ̀pù

Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù ńlá rin ìrìnàjò ọlọ́jọ́ pípẹ́ sábà máa ń béèrè bí agbára ọkọ̀ náà ti tó. Ìbéèrè náà kò kún tó, nítorí agbára méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó wà níbẹ̀. Agbára ìfà ni ìwọ̀n ohun tí ọkọ̀ lè wọ́ tẹ̀lé ara rẹ̀. Agbára ìgbẹ́rù ni ìwọ̀n ohun tí ó lè rù. Bí a bá yọ ìwúwo òfìfo, èyí tí í ṣe ti ọkọ̀ àti epo inú táǹkì rẹ̀, kúrò nínú òpin ìwúwo tí ilé-iṣẹ́ fi lélẹ̀, agbára ìgbẹ́rù ni ó ṣẹ́kù.

Ford F-150 kan lè fa ohun tí ó ju 5,000 kìlógíráàmù lọ, síbẹ̀ kí ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà awakọ̀ sọ pé kò gbọdọ̀ gbé ju 700 lọ. Bí èrò méjì bá jẹ́ 150, tí ilé ìsùn tí a gbé ka ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ 400, tí 100 lítà omi sì jẹ́ 100, 50 péré ni ó kù fún oúnjẹ, irinṣẹ́ àti epo àfipamọ́. F-250 tàbí F-350 ni ó yẹ irú ẹrù bẹ́ẹ̀.

Láàrin Coldfoot àti Deadhorse ní Alaska, nǹkan bí 385 kìlómítà, kò sí ilé epo kankan. Ibi tí àpọ̀jù ẹrù ti ń bẹ́ táyà kọ́ nìyẹn. Nítorí náà, kí olùtumọ̀ má ṣe kọ "agbára" lásán. Kí ó sọ èyí tí ó ń wí.