Sweet Mother: Orin tí Wọ́n Kọ̀, tí Onitsha Gbà

Nígbà tí ẹgbẹ́ wa ní kí á kọ nǹkan lórí àwo orin kan tí kì í gbó, àwọn kan ní ti Ebenezer Obey, àwọn kan ní ti Sunny Adé. Ni ẹnìkan bá bèèrè pé, "Àwa tí à ń gbé ní Oba níhìn-ín, ṣé a ti gbàgbé pé Onitsha tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa yìí ni Sweet Mother ti jáde ni?" Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Ìdí nìyí tí a fi gbé ọ̀rọ̀ náà wá síwájú yín.

Prince Nico Mbarga ni ó kọ orin náà. Ìlú Abakaliki ni wọ́n bí i sí ní 1950. Ọmọ Nàìjíríà ni ìyá rẹ̀, ọmọ Kamẹrúùnù sì ni bàbá rẹ̀. Nígbà tí ogun abẹ́lé dé, ó sá lọ sí Kamẹrúùnù, ó sì ń bá ẹgbẹ́ olórin ṣeré níbẹ̀. Lẹ́yìn ogun ó padà wá, ó dá ẹgbẹ́ Rocafil Jazz sílẹ̀, Onitsha ni wọ́n sì fi ṣe ibùjókòó.

Ilé-iṣẹ́ EMI ti bá a gbé rẹ́kọ́ọ̀dù jáde rí, ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbé Sweet Mother lọ bá wọn ní 1974, wọ́n kọ̀ ọ́. Wọ́n ní ó jọ orin ọmọdé. Decca kọ̀ ọ́, Philips náà kọ̀ ọ́. Rogers All Stars, ilé-iṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Onitsha, ló gbà á, tí ó sì gbé e jáde ní 1976.

Kí ló wà nínú rẹ̀ tí àwọn ọ̀gá wọ̀nyẹn kò rí? Èkíní ni gìtá. Nico mú híláìfù ti ìhà ibí, ó fi ọwọ́ gìtá àwọn ará Kóńgò lù ú, ìlù náà kò sì sáré ju ẹsẹ̀ arúgbó lọ. Èkejì ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀: ọmọ kan ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá tó jìyà nítorí rẹ̀. Ta ni kò ní yé? Ẹ̀kẹta ni èdè. Pidgin ló fi kọ ọ́, èdè tí Ìgbò, Yorùbá, Haúsá àti ará Kamẹrúùnù jọ ń fi nájà.

Ní orí èdè yìí ni a ti jiyàn gidigidi. Àwọn kan ní nítorí pé ó fi èdè ìyá rẹ̀ sílẹ̀ ló fi rọ́wọ́ mú. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohùn tó gbọ́ lójoojúmọ́ ló fi kọrin, kò yá ohùn ẹlòmíràn lò. Àwa tí wọ́n tọ́ ní ìkọjá Odò Ọya mọ ohun tí à ń sọ. Bí a bá délé, wọ́n a máa fi Yorùbá wa ṣẹ̀rín, wọ́n á ní Ìgbò ti dàpọ̀ mọ́ ọn. Àwọn mìíràn nínú wa ti torí ẹ̀rín yìí pa ẹnu mọ́ pátápátá. Bí Nico bá ti torí pé wọ́n ní orin ọmọdé ni pa ẹnu mọ́, kí là bá máa jó?

Orin náà tàn ká gbogbo Áfíríkà. Àwọn òǹkọ̀wé a máa sọ pé ó tà ju mílíọ̀nù 13 lọ, ká má tíì ka ayédèrú. Ní 2004, àwọn olùgbọ́ BBC dìbò yàn án ní orin tí wọ́n fẹ́ràn jù ní Áfíríkà, ó sì fi ti Fela àti ti Miriam Makeba sẹ́yìn. Nico kò rí ọjọ́ náà. Jàǹbá alùpùpù ló pa á ní Calabar ní oṣù Kẹfà 1997.

Òrìṣà bí ìyá kò sí. Ẹ jẹ́ kí á máa sọ Yorùbá tí ìyá wa fi lé wa lẹ́nu, bó ti wù kó dàpọ̀ tó. Ẹnu tí a bá ń lò ni í dán.