Pulọ́ọ̀tì Kẹfà: Ìdí Tí A Fi Ń Gba Ìyọ̀ǹda Kí A Tó Pín Ilẹ̀

Láti ìgbà ìwásẹ̀ ni àwọn Yorùbá ti ń pín ilẹ̀. Bí baba bá kú, ẹbí a jókòó, wọn a gbin pèrègún sí ààlà, ìdí-igi kọ̀ọ̀kan a sì mọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n oko ni wọ́n ń pín nígbà náà. Ọ̀nà tóóró tó fún ẹni tí ó ru ẹrù, bí òjò bá sì rọ̀, inú igbó ni omi ń gbà lọ. Lónìí, ilé ni a ń kọ́ sí orí ilẹ̀ Awoyaya. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn.

Awoyaya wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, ní ẹ̀bá ọ̀nà ńlá tí ó ti Lẹ́kkí lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ọ̀sà wà ní àríwá rẹ̀, òkun wà ní gúúsù. Ilẹ̀ náà tẹ́jú, kò sì ga. Kí a mú un pé ẹbí kan ní ékà kan níbẹ̀, tí ọmọ mẹ́fà yóò pín. Ékà kan jẹ́ 43,560 ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin. Pulọ́ọ̀tì tí a mọ̀ ní Èkó, 60 ẹsẹ̀ bàtà níbùú àti 120 lóòró, jẹ́ 7,200. Mẹ́fà ni yóò jáde. Èyí tí yóò ṣẹ́kù kò ju yàrá méjì lọ. Inú ẹbí yóò dùn pé ogún pé. Ṣùgbọ́n níbo ni ẹni tí ó wà lẹ́yìn yóò gbà wọlé? Níbo ni àgbàrá yóò gbà jáde? Ọ̀nà tí ó fẹ̀ ní 30 ẹsẹ̀ bàtà, tí ó sì gùn ní 240, yóò gba 7,200, ìyẹn pulọ́ọ̀tì kan gbáko. Pulọ́ọ̀tì kẹfà ni ọ̀nà. Àríyànjiyàn lórí ẹni tí yóò fi ìpín rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀nà ni ìyọ̀ǹda ìjọba wà láti parí kí ilé tó dìde.

Ta ni ó lè gé ilẹ̀?

Kì í ṣe olórí ẹbí nìkan. Nínú ẹjọ́ Àmọ́dù Tìjání, Olóyè Olúwa ti Èkó, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ọba ní Lọ́ńdọ̀nù fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 1921 pé ilẹ̀ jẹ́ ti àwùjọ àti ti ẹbí. Alámòójútó ni ẹni tí ó jẹ́ olórí. Nítorí náà, àwọn àgbà ìdí-igi gbogbo gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i.

Lẹ́yìn ẹbí, ó kan gómìnà. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti oṣù kẹta ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà fún àǹfààní ará ìlú. Ẹ̀ka 34 òfin náà fi ìdajì hẹ́kítà ṣe òdiwọ̀n ilẹ̀ tí a kò tíì kọ́ nǹkan sí, tí ẹnì kan lè dì mú ní àgbègbè ìlú ńlá. Kò sì gbà kí a gé ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí pulọ́ọ̀tì láìsí ìyọ̀ǹda gómìnà tí a kọ sílẹ̀. Ní ọdún 1989, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé ẹni tí ó ti ni ilẹ̀ kí òfin náà tó dé pàápàá gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda kí ó tó fi dúró tàbí kí ó tó gbé e fún ẹlòmíràn.

Ṣé ilẹ̀ náà bọ́ lọ́wọ́ ìjọba?

Ìjọba ti gba ilẹ̀ púpọ̀ ní agbègbè Lẹ́kkí, ó sì máa ń yọ díẹ̀ padà fún àwọn ìletò. Ìyọpadà yìí ni àwọn oníṣòwò ilẹ̀ ń pè ní ẹksíṣọ̀n, inú gàsẹ́ẹ̀tì ni a sì ń kéde rẹ̀. Èyí tí wọ́n ní ó ṣì ń bọ̀ lọ́nà kò tíì dé. Ẹni tí ó fẹ́ mọ òtítọ́ yóò pe awọnlẹ̀ tí ó ní ìwé àṣẹ, yóò sì mú àwòrán ilẹ̀ náà lọ sí ọ́fíìsì Ọ̀gá Àgbà Awọnlẹ̀ ní Aláùsá, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lórí máàpù ìjọba.

Ọ́fíìsì wo ni ó ń fọwọ́ sí i?

Àṣìṣe pọ̀ níhìn-ín. Àwọn kan gbà pé rìsíìtì káńsù ti tó. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2003, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jùlọ dájọ́ pé ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó ni àkóso ètò ìlú. Òfin ètò ìlú tí Èkó ṣe ní ọdún 2010 ni a sì ń tẹ̀lé. Olùṣètò ìlú tí ó ní ìwé àṣẹ ni yóò ya bí a ó ṣe pín ilẹ̀: ojú ọ̀nà, ojú àgbàrá, àyè tí gbogbo ènìyàn yóò jọ máa lò, kí ó tó kan pulọ́ọ̀tì. Iléeṣẹ́ ètò ìlú ní Aláùsá ni a ń gbé e lọ, pẹ̀lú ìwé tí ó fi hàn pé a ni ilẹ̀ náà.

Ìwé mẹ́ta ni kò gbọdọ̀ dàrú mọ́ ènìyàn lójú. C of O ń sọ ẹni tí ó ni ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀. Ìyọ̀ǹda ìpín ń sọ bí a ṣe gé e. Ìyọ̀ǹda ilé kíkọ́ ń sọ ohun tí a lè kọ́ sí i. Ọ̀kan kò lè dúró fún èkejì.

Ní ọdún 2025, ìjọba Èkó gbé orúkọ ẹ̀sìtéètì aládàáni 176 jáde ní agbègbè Ẹ̀tì-Ọ̀sà, Àjá, Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí àti Ẹ̀pẹ́, pé wọn kò gba ìyọ̀ǹda ìpín. Ó sì fún wọn ní ọjọ́ 21 láti mú ìwé wọn wá. Ẹni tí ó ti fi owó ìfẹ̀yìntì ra ilẹ̀ ní irú ibẹ̀ ni jìnnìjìnnì kọ́kọ́ bá. Ẹni tí ó tà á ti kówó lọ.

Àgbà tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹbí tí ó bá fi pulọ́ọ̀tì kẹfà sílẹ̀ fún ọ̀nà kò pàdánù rẹ̀, nítorí òun ni ó ń sọ márùn-ún yòókù di ibi tí ènìyàn lè gbé. Ẹni tí ó sì fẹ́ ra ilẹ̀, kí ó béèrè àwòrán ìpín tí ìjọba fọwọ́ sí kí ó tó ka owó, kí ó fi ojú ara rẹ̀ wá ọ̀nà tí ó wà nínú àwòrán náà lórí ilẹ̀.