Ẹ̀rọ Awáẹja àti Ọgbọ́n Apẹja

Ní ọdún 1653 ni Izaak Walton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé rẹ̀, The Compleat Angler, jáde. Ó fi hàn níbẹ̀ pé iṣẹ́ ọnà ni fífi ìwọ̀ pẹja fún ìgbádùn, sùúrù ni a sì fi ń kọ́ ọ. Apẹja a máa wo àwọ̀ omi, afẹ́fẹ́ àti kòkòrò ojú odò, kí ó tó mọ ibi tí ẹja wà.

Ní Amẹ́ríkà lónìí, ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ yìí ṣe. Ẹ̀rọ náà a máa rán ìró sínú omi. Ìró ọ̀hún a sì máa rin nǹkan bí 1,500 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá kan àpò afẹ́fẹ́ inú ẹja, a ta padà, àwòrán ẹja a sì yọ lójú ẹ̀rọ.

Èyí dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Láti ọdún 2024 ni National Professional Fishing League ti fòfin de irú èyí tí ń fi ẹja hàn níwájú ọkọ̀ bí ó ti ń lúwẹ̀ẹ́.

Àwọn àgbà ní ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, ọmọdé kò lè rí i lórí ìdúró. Ẹ̀rọ ti mú kí ọmọdé rí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò lè sọ ìdí tí ẹja fi wà níbẹ̀, kò sì lè mú un gbé ìwọ̀ mì. Ẹja ni ẹni tí ń pẹja tà ń wá. Ẹ̀rọ tọ́ sí i. Ní ti ẹni tí ń fi í ṣeré, wíwá gan-an ni eré náà. Òfin ìdíje kò kórìíra ẹ̀rọ. Ó ń dáàbò bo àǹfààní láti kọ́gbọ́n ni.