Ààyè Gbangba Nínú Ètò Ìlú: Ẹ̀kọ́ Láti Òṣogbo àti Ìbàdàn

Ìfáárà
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí òwe yìí ṣe bá ìtọ́jú ọmọ mu, bẹ́ẹ̀ ni ó bá ìtọ́jú ìlú mu. Ààyè gbangba ni ilẹ̀ tí a kò kọ́lé sí, kí ará ìlú lè rí ibi péjọ, ibi ṣeré àti ibi gbafẹ́. Kì í ṣe àjẹkù ilẹ̀ rárá; ohun tí a dìídì pète ni. Ṣùgbọ́n bí kò bá ní alábòójútó, kì í pẹ́ tí yóò fi di ààtàn tàbí ilé oníléé.

Ètò Àwọn Baba Ńlá
Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú Yorùbá, iwájú ààfin ni ọjà ọba máa ń wà. Ibi ìtajà ni lọ́jọ́ ọjà, ibi ayẹyẹ ni lọ́jọ́ ọdún. Nínú agbo ilé, àgbàlá ni àwọn ọmọdé ti ń ṣeré òṣùpá. Kò sí èyí tí kò ní alábòójútó nínú wọn: baálé ń mójú tó àgbàlá, ìyálọ́jà ń mójú tó ọjà, àwòrò sì ń ṣọ́ igbó òrìṣà.

Igbó Ọ̀ṣun
Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo fẹ̀ tó hẹ́kítà 75. Èèwọ̀ ni láti ṣọdẹ, láti pẹja tàbí láti gégi níbẹ̀. Èèwọ̀ yìí ni ó ń ṣe iṣẹ́ òfin. Nígbà tí àwọn kan kò ka èèwọ̀ náà sí mọ́, Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú náà dìde láti dáàbò bo igbó náà. Ní ọdún 1965, ìjọba sọ apá kan rẹ̀ di ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 2005, àjọ UNESCO kà á mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé.

Ọgbà Agodi
Ìtàn ti Ìbàdàn yàtọ̀. Ọdún 1967 ni wọ́n dá ọgbà ìgbafẹ́ Agodi sílẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya. Ẹ̀mí tí ó bá a lọ lé ní 100, omíyalé náà sì ba ọgbà yìí jẹ́. Ilé tí wọ́n kọ́ sí ojú ọ̀nà omi àti pàǹtí tí wọ́n dà sódò wà lára ohun tí ó fà á. Ọdún 2014 ni wọ́n tó tún ọgbà náà ṣí. Èyí fi hàn pé ilẹ̀ etí odò tí a fi sílẹ̀ lófìfo kò ṣòfò: ààyè omi ni. Ẹni tí ó bá gbà á lọ́wọ́ odò, odò yóò padà wá bèèrè é.

Àgbálọgbábọ̀
Kí olùṣètò ìlú tó ya àwòrán ọgbà, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bèèrè ẹni tí yóò máa gbá a, tí yóò máa ṣọ́ ọ, tí yóò sì lè sọ pé ó tó fún ẹni tí ó fẹ́ gbà á. Iṣẹ́ olùkọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó lè rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ bèèrè lọ́wọ́ àgbà àdúgbò nípa àwọn ibi tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ìta" tàbí "ojúde", kí wọ́n sì wò ó bóyá ààyè náà ṣì wà, tàbí orúkọ nìkan ni ó kù. Ọmọ tí ó bá mọ ohun tí ó ti sọnù ni yóò lè ṣọ́ èyí tí ó ṣẹ́kù.