Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ilé ẹ̀kọ́ tó ń bọ́ ọmọ ní Kúdẹtì

Kí ìjọba Awólọ́wọ̀ tó sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ lọ́dún 1955, àwọn ọmọ kan ti ń jẹun, wọ́n ti ń kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ ní Kúdẹtì n'Íbàdàn, níbi téèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé láti Ọjà'ba.

Ọdún 1853 ni David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ wá fìdí iṣẹ́ ìhìnrere múlẹ̀ n'Íbàdàn. Wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Kúdẹtì, àmọ́ àwọn òbí ò tètè yọ̀ǹda ọmọ. Olóyè Olúnlọ́yọ̀ ló fa Yéjídé àti Akínyẹlé, àwọn ọmọ rẹ̀, kalẹ̀. Anna gba àwọn ọmọ sílé bí ìyá, ó ń bọ́ wọn, ó ń wọ̀ wọ́n láṣọ.

Ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ọ̀nà etíkun dí, owó àtẹrù láti òkè òkun ò wọlé mọ́. Anna kó agolo àtàwọn ẹrù ilé rẹ̀ tà, kó lè rówó ẹyọ fi bọ́ àwọn ọmọ náà. Ibi tó wú mi lórí jù nìyẹn, nítorí ebi kì í jẹ́ kọ́mọ jókòó ti ìwé.

Nígbà tó yá, ní 1899, àwọn ajíhìnrere dá ilé ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin sílẹ̀ ní Kúdẹtì kan náà. Òun àti ilé ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin tiwọn ní Èkó ló para pọ̀ di St Anne's, Mọ̀lété, ní 1950.